Ta Ló Kọ 9900 Sára Bátìrì Mi?

Ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí kí ẹ̀jẹ̀ ríru má baà gbé mi dé ọsibítù. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìlobùú. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi ń ránṣọ, n kò bẹ àwọn oníná pé kí wọ́n bá mi yí i. Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún mi ló ń yí i. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo ń wá. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí mo lè fi ti òwú dúdú bọ ojú abẹ́rẹ́ lóru, kí n sì fi rí ojú ìrán lára aṣọ dúdú, nígbà tí oníbàárà ti ń pè mí láti Ifọ́n pé àárọ̀ ọ̀la ni òkú ń jáde nílé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn náà ni wọ́n ní kí n lọ ra bátìrì fún, bátìrì sì ti di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé mẹ́wàá kó tó lè rà.

Ẹ má bi mí pé iná ìjọba ńkọ́. Wọ́n ti pín gbogbo wa sí ọ̀wọ́ A, B, C, D àti E. Wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún ọ̀wọ́ A, wákàtí 4 fún ọ̀wọ́ E. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná ọ̀wọ́ A dé ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, mo wà lára àwọn tó pariwo jù nídìí ayò. Mo dìde dúró, mo bú wọn láti Àbújá títí dé Òṣogbo. Bàbá kan ló rọra bi mí pé, “Télọ̀, ọ̀wọ́ wo tilẹ̀ ni àdúgbò tiwa wà ná?” N kò dá a lóhùn. Mo ta ọmọ ayò mi.

Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour” ńkọ́? Tèmi wà lẹ́yìnkùlé. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò tíì dún. Abẹ́ rẹ̀ ni adìyẹ ìyàwó mi ń yé sí, mo sì rí i pé ó fẹ́ràn ibẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrépọ̀dùn ni àwa wà ní Ìlobùú, Orólù ni ti àwọn ará Ifọ́n, òkùnkùn kan náà la jọ ń pín. Nígbà tí rògbòdìyàn ilẹ̀ mú kí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ifọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ́dún 2025 (ẹ má bi mí pé ta ló jẹ̀bi o, mo ní oníbàárà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta), ẹni tí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá kú lásìkò náà, kò sí ìsọ̀ tó máa ṣí fún un. Inú òkùnkùn ló máa jókòó sí, á máa fi ọwọ́ wá ẹnu rẹ̀ kó tó lè fi òkèlè sí i.

Ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Bátìrì Berec ló kọ́kọ́ gbòde, kí olórí ẹkùn, ìyẹn Tiger Head, tó wá gba ìgboro. Ìlú Guangzhou ní Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé-iṣẹ́ náà sì ti wà láti ọdún 1928. Bátìrì ńlá, volt 1.5. Ẹ ki méjì bọ inú tọ́ọ̀ṣì, ó parí. Bó bá ń rẹ̀ ẹ́, bàbá mi á yọ ọ́ nínú rédíò, á sá a sóòrùn lójú fèrèsé, á sì tún fi gbọ́ ìròyìn díẹ̀ sí i. Bó bá wá kú pátápátá, àwa ọmọdé á fi òkúta fọ́ ọ, a ó yọ ọ̀pá dúdú tó wà láàárín rẹ̀, a ó fi kọ A, B, D sára ògiri títí ìyá wa á fi gbá wa létí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sẹ́ni tó kọ iye tó lè kó sínú sára bátìrì náà. Orí ẹkùn ni wọ́n yà sí i. Ẹ rà á, ẹ lò ó, ó kú, ẹ ra òmíràn. Kò ṣèlérí, kò sì yẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni lámpù oníṣáájì dé, wàhálà sì dé. Bátìrì òjé ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, volt 4, ọmọ ìyá bátìrì ọkọ̀. Òjé kì í gba ebi. Bí ẹ bá lò ó tán tí ẹ kò tètè fún un ní iná, nǹkan funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, á gan, iná kò sì ní ríbi wọlé mọ́. Ẹ wá bá mi wò ó. Torí pé iná kì í sí la ṣe ra lámpù. Torí pé iná kì í sí náà ni lámpù ṣe ń kú. Nígbà tí tíráńsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù, tí a ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn lórí owó tí a máa dá, gbogbo lámpù àdúgbò ló kú tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé tèmi lọ bá ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá ojú ìdè tí yóò fi skrúdíráfà tú. Kò sí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gbogbo ara rẹ̀ pa. Ó ní bí òun bá là á, òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún padà dé. Bátìrì tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ló kú nínú rẹ̀, gbogbo lámpù ló di ohun ìjù-sílẹ̀. Ẹnì kan wà níbì kan láyé yìí tó jókòó sórí àga, tó sọ pé kí wọ́n máa lẹ ilé bátìrì pa. Mo fẹ́ rí ẹni náà. Mo fẹ́ rán ṣòkòtò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sì rán ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì pa.

Ọjọ́ náà ni mo búra pé ohunkóhun tí mo bá tún máa fi owó mi rà, èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ lè ṣí ibi tí bátìrì rẹ̀ wà, kí n yọ òkú kí n fi alààyè sí i. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní tọ́ọ̀ṣì oní-18650 ni kí n lọ rà. Mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń tà á ni. Àṣé ìwọ̀n bátìrì ni: 18 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gígùn rẹ̀, òdo tó kẹ́yìn ń sọ pé ó rí róbótó bí ọ̀pá. Lithium ló wà nínú rẹ̀. Sony ló kọ́kọ́ gbé irú bátìrì lithium báyìí dé ọjà lọ́dún 1991, nígbà tó sì di 2019, wọ́n fún àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ẹ̀bùn Nobel: John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough lọ́jọ́ tó gba tirẹ̀. Bátìrì sọ arúgbó kan di olókìkí káyé. Èmi tí n kò tíì sún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, bátìrì fẹ́ rán mi sọ́run.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ọmọkùnrin tó ń tà á kó bátìrì síwájú mi, pupa, búlúù, yẹ́lò.

“Dádì, 4200 nìyí. 6800 nìyí. Èyí ni àwọn ènìyàn ńlá ń rà, 9900.”

Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ wọn. Ó ní nọ́ńbà ni. Mo ní ṣé orígínà ni. Ó ní, “Orígínà pọ́ńbélé, Dádì.” Mo ní gàráńtì ńkọ́. Ó ní, “Gàráńtì wà, Dádì. Láti ibi tí mo dúró sí yìí títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.”

Mo ra ti ènìyàn ńlá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé apá bùbá kan tí tọ́ọ̀ṣì fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì wọ̀ọ̀kùn. Mo padà lọ bá a. Mo sọ fún un pé òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà wà ní Nàìjíríà, pé láti 2019 tí ààrẹ ti fọwọ́ sí i ni mo ti ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó bá lábùkù padà. Ó fi àánú wò mí. Ó ní, “Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?”

Tọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ tún ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú òrìṣà Erinlẹ̀ la wà. Ọdẹ ni Erinlẹ̀ kó tó di odò. A kì í kọ́ ọmọ Ìlobùú bí wọ́n ṣe ń ṣọdẹ. Ọdẹ kan wà ládùúgbò mi tí bàbá rẹ̀ lo fìtílà káábáàdì níwájú orí: omi á máa kán tó, tó, tó sórí òkúta káábáàdì, afẹ́fẹ́ á rú jáde, wọ́n á ṣáná sí i. Ó ń rùn, ó sì lè jó irun ojú ẹni, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́jú. Ọmọ rẹ̀ wá lọ ra tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ pàrà-pàrà-pàrà. Kò sì sí bí ẹ ṣe lè pa á láìkọ́kọ́ gba ibi pàrà-pàrà yẹn kọjá. Ọdẹ wa rí òyà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì. Ó ní òyà kọ́kọ́ dúró wo òun, ẹnu ya òyà, lẹ́yìn náà ló rọra bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí ọdẹ yìí bá dé ìsọ̀ tọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wọ́n: “Ó ń tàn, ó ń kú, ṣé ó tún ń ṣe nǹkan mìíràn?” Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó wá là mí lójú, n kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, Peckham ní London ni wọ́n bí i sí. Ó wá bá wa ṣe Iléyá. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kùrukùru funfun bo ibẹ̀ lójijì, ìyá mi sì pariwo láti inú yàrá pé ta ló ń se máńgòrò. Vape ni, sìgá oníbátìrì. Mo ti ń tún ọ̀fun ṣe láti bá a wí. Mo fẹ́ sọ fún un pé nicotine ni nicotine, ì báà ta sánsán máńgòrò, ó ń di bárakú síni lára. Ọmọ náà ṣí ìdí ohun tó ń fà, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, bátìrì méjì jáde. 18650! Ìwàásù mi gbẹ sẹ́nu.

Mo gbé 9900 mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé vape rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Dádì Ìlobùú, kò sí ẹni tó tíì ṣe 9900 ní ìwọ̀n yìí láyé.” Ó ní àwọn tó mọṣẹ́ jù, Panasonic, Samsung, LG, nǹkan bíi 3500 ni wọ́n ń dé, tàbí kó fi ìwọ̀nba díẹ̀ lé. Mo ní àwọn wo wá ni 9900. Ó ní àwọn tó ní bírò.

Ó wá jókòó, ó kọ́ mi. Ó ní nọ́ńbà méjì ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn ọlọ́jà máa ń pariwo. Mílíámpù-wákàtí, ìyẹn mAh, ni iye tí bátìrì lè kó sínú. Amp ni bó ṣe lè yára tú u jáde tó, èèyàn kì í sì í rí méjèèjì gbà pọ̀. Panasonic kan wà tí wọ́n ń pè ní NCR18650B, ó kó 3400 sínú, ṣùgbọ́n bí amp márùn-ún ni kí ẹ fà lára rẹ̀ mọ. Samsung 25R kó 2500 péré, ó sì lè tú amp 20 sílẹ̀ láìlàágùn. Vape máa ń fà gan-an, torí irin kékeré kan ló ń sọ di gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fún un ní bátìrì tí kò lè tú u jáde, bátìrì yẹn á gbóná kọjá ààlà, ó sì lè bú. Tọ́ọ̀ṣì tèmi kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọkọ yíyàn: ahun tó ní àpò ńlá ni kí èmi mú, ọ̀nàwọ́ tí àpò rẹ̀ kò tóbi ni kí òun mú. Mo ní ó ti tó, ó ti yé mi.

Kò dákẹ́. Ó ní bátìrì méjì tó bá jọ ń ṣiṣẹ́, kí a rà wọ́n pọ̀, kí a lò wọ́n pọ̀, kí a ṣáájì wọn pọ̀. Kí tuntun àti àgbà má jókòó sínú ilé kan. Ó na bátìrì rẹ̀ sí mi, ó ní kí n wo rọ́bà tínrín tó bò ó. Bí rọ́bà yẹn bá ya, ẹjọ́ dé, nítorí gbogbo ara irin rẹ̀, látìdí dé èjìká, mínọ́ọ̀sì ni. Téńté orí rẹ̀ nìkan ni pulọ́ọ̀sì, òrùka bébà kékeré kan ló sì là wọ́n láàárín. Mo mọ ọlọ́kadà tó máa ń ju bátìrì tirẹ̀ sápò ṣòkòtò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ṣéńjì. N kò sọ orúkọ rẹ̀. Kó tètè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, torí ibi tí àpò ṣòkòtò ọkùnrin wà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí wọ egungun. Ọmọ yìí ní vape tirẹ̀ ni èyí tó ṣe é pààrọ̀ bátìrì, pé àwọn ẹgbẹ́ òun tẹ́lẹ̀ kì í lo irú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fà lẹ́ẹ̀kan jù nù ni wọ́n ń rà. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Material Focus ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2023 pé bíi mílíọ̀nù 5 ni wọ́n ń jù nù ní Bìrìtìkó lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ kan! Bátìrì lithium wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ yunifásítì ní London àti Oxford tú u wò, wọ́n rí i pé bátìrì náà ṣì lè gba ṣáájì ju ìgbà 400 lọ. Ìjọba ibẹ̀ fòfin de títà wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Wọ́n ń ju alààyè sí gọ́tà ní Peckham, èmi ń sá òkú sóòrùn ní Ìlobùú. Ọmọ náà ní wọn kò ṣe é kí ènìyàn lè ṣí i ni, pé ńṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ní mo mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Èmi náà ni mo máa rán ṣòkòtò rẹ̀.

Níbo wá ni tálákà ti ń rí ojúlówó? Inú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ àtijọ́ ni. Mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kan, bí ọ̀kan tàbí méjì bá sì ti kú nínú wọn, kọ̀ǹpútà á ní gbogbo ilé ló kú, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, wọ́n á sì fi mítà wọ̀n ọ́n: èyí tó bá ti wálẹ̀ kọjá volt 2, kí wọ́n má wulẹ̀ jí i, èyí tó bá gba ṣáájì dé 4.2 tó sì dúró síbẹ̀ mọ́jú, èèyàn gidi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ ìdáná là á o. Ẹ má sì ṣáájì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ sùn tì í.

Nígbà tí ọmọ náà ń lọ, ó fi méjì sílẹ̀ fún mi, ó sì sọ àṣírí kan sí mi létí: ojúlówó 18650 kì í fúyẹ́, gírámù 45 sókè díẹ̀ ni. Ayédèrú máa ń fúyẹ́, torí bátìrì kíún ni wọ́n ki sínú agolo ńlá. Wọ́n tilẹ̀ ti la òmíràn tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ní òṣùwọ̀n tó mọ gírámù 45? Ti alápatà, ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ mì. Ọkùnrin tó ń ṣe góòlù ni mo lọ bá. Mo gbé 9900 lé òṣùwọ̀n rẹ̀: gírámù 27. Mo gbé ti Peckham lé e: 46. Alágbẹ̀dẹ góòlù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó ní ìyànjẹ tó wà nínú bátìrì yìí, wọn kò tíì dán irú rẹ̀ wò nínú góòlù.

Ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀. Ọdẹ, tíṣà, àwọn ọlọ́kadà, títí kan àwọn ará Ifọ́n, ń kó bátìrì lọ bá a. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, pátákó tuntun ti wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀: A Ń RA GÓÒLÙ, A Ń TA GÓÒLÙ, A Ń WỌN BÁTÌRÌ, ₦100. Mo lọ bá a, mo ní èmi ni mo mú òwò yìí wá sílé rẹ̀, kí wá ni tèmi níbẹ̀? Ó rò ó, ó rò ó. Ó ní nítorí pé ojúlùmọ̀ ni wá, òun á máa gba ₦50 lọ́wọ́ mi.